Ìrù Mẹ́rin Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yà

Dádì mi àtàtà,

Wọ́n ní mo yege o. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni mo dúró níwájú àwọn olùdánwò ní yunifásítì, láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí oyè dókítà tí mo fi ọdún mẹ́fà ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì fún wa ní mínírà mu. Ṣìọ̀! Nínú gbogbo àwa tá a wà nínú yàrá yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò tẹ́ńbẹ́lú, kì í sì í ṣe èmi.

Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó sí fàráńdà nírọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ máa ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí mò ń kọ́ fún yín? Mo máa ń dá yín lóhùn pé kò lè yé yín. Kí ló dé tẹ́ ò fi gbá mi létí? Ọ̀rọ̀ tí kò le rárá ni. Ẹ gbọ́ ọ báyìí, lọ́run tẹ́ ẹ wà.

Nínú bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, DNA ni ìwé tí wọ́n kọ gbogbo bó ṣe máa gbé ayé ẹ̀ sí. Fọ́nrán méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀, fọ́nrán méjèèjì á tú kúrò lára ara wọn. Fọ́nrán kan ṣoṣo tó wà níhòòhò lè ta kókó, ó sì lè já. Purotéènì kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti dì í mú. Mẹ́rin tó jọra ló máa ń fara ti ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí àgbá kékeré, fọ́nrán yẹn á wá wé mọ́ wọn lára bí òwú ṣe ń wé mọ́ igi ìrànwú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún wá ní ìrù. Ìparí ìrù yẹn ló fi ń di àwọn purotéènì mìíràn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lára DNA mú.

Àmọ́ ìrù yẹn kì í dúró lójú kan. Ó ń jù síhìn-ín, ó ń jù sọ́hùn-ún. Tí wọ́n bá fi ìtànṣán X-ray ya purotéènì náà, ara ẹ̀ á hàn kedere, ìrù ò ní hàn, bí ọmọ tó ń mira nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ibẹ̀ á ṣófo. Ẹni tó bá mọṣẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kó ṣófo.

Ọ̀gá mi ò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ni. Ó wo àwòrán tí wọ́n bá wa yà nílẹ̀ òkèèrè, ó yọ ṣùtì. Ó ní àwọn olùdánwò á rò pé a ò lè ṣiṣẹ́ parí. "Yà á sí i jàre, kó lè pé." Àgbàyà! Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan ìgò kankan nínú láàbù látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, àfi táì tó máa ń tún ṣe ṣáá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Tèmi wà lọ́jà, òun gan-an ló wọ́ orí ọmọ.

Mo sì yà á. Mo fa ìrù mẹ́rin sórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ wọ́n kọ́lọkọ̀lọ, mo kùn wọ́n ní yẹ́lò. Ó rẹwà, Dádì, mi ò ní parọ́ fún yín. Gbogbo ará láàbù ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ju "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́" lọ. Òpònú lásán-làsàn. Ọ̀gá ti ní ó pé, ó ti pé nìyẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ ń ya àwòrán páìpù omi ní mínísìrì, páìpù tẹ́ ò bá fojú ara yín rí nígbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ẹ kì í fa ìlà gbọọrọ fún un. Àmì tó-tó-tó lẹ máa ń fi yà á. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń fa ìlà gbọọrọ, iṣẹ́ tiwọn ń yá, wọ́n di ọ̀gá yín. Ẹ̀yin wà lórí àga kan náà títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Mo fojú kéré yín nítorí ẹ̀. Mo rò pé ẹ ò gbọ́n tó ni. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ máa ń rí i lójú mi?

Obìnrin kan wà lára àwọn olùdánwò, ìlú mìíràn ló ti wá. Òun nìkan ló bi mí pé ibo ni mo ti rí ìrù yẹn. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo fóònù. Mo la ẹnu, mo ní ìtànṣán ló gbé e jáde. Obìnrin náà wò mí títí, ó sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. Ìbá sàn kó bú mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo pa ìrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé a ò rí ibẹ̀, pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi yà á, pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́bọ̀. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Agboju, mo gbé e lọ sílé ọ̀gá ní Àmùwò. Kò kà á ju ojú kan lọ. Ó ní tí mo bá fi ránṣẹ́ sáwọn olùdánwò, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé mi láéláé, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó tún wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìwọ náà, ta ló ń wo ìrù?" Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú nínú pálọ̀ ara ẹ̀, lábẹ́ fọ́tò gàgàrà tó ya ara ẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ìyàwó ẹ̀, mo jáde. Ẹnu géètì wọn ni mo dúró sí tí mo fi tẹ fóònù, tí mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí o. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ṣé ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin náà?

Mọ́mì ti lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n wà ní kíṣìnì báyìí, wọ́n ń dín ẹja, wọ́n sì ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún wọn pé ọmọ àwọn ti di dókítà. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sọ fún wọn, mo tún jókòó. Tí mo bá ti kọ ìlà tó kàn yìí tán, màá lọ gba fóònù yẹn lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lọ, tí kì í ṣe dókítà.