Adé Ewé Óákù Tí Ẹ Fi Dé Ọkọ Mi Lórí

Ilé Vaarik,
Òpópónà Èbúté,
Kaluranna,
Estonia.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 1927.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún Orin,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Kaluranna.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ORIN MI TÍ Ẹ FI YẸ ỌKỌ MI SÍ

1. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ orin “Ọkọ̀ Bàbá Kò Tíì Dé” sílẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin jùmọ̀ kọ níbi àjọ̀dún èṣí. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ti wá gba orin náà, ẹ sì mu kọfí mi.

2. Àṣà wa kò ṣókùnkùn sí yín. Bí orin bá dùn mọ́ àwọn èèyàn, wọn a ké pe ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi ewé igi óákù dé e ládé, àwọn akọrin a sì gbé e jù sókè. Wọ́n ké títí. Mo ti ń gun pèpéle lọ nígbà tí ẹ ní kí n dúró, tí ẹ lọ fa Arnold, ọkọ mi, jáde láti ìdí ẹja yíyan tó ń jẹ. Ọkùnrin tí kò lè súfèé orin kan já! Òun lẹ dé ládé, òun lẹ gbé jù sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín.

3. Nígbà tí mo béèrè ìdí, Alága, èsì yín lójú gbogbo èèyàn nìyí: “Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ta ló fẹ́ gbé obìnrin jù sókè níwájú Pásítọ̀? Kí yẹ̀rì wá ṣí? Ẹ má bínú jàre, ọ̀kan náà kúkú ni tọkọtaya.” Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Ẹ rí mi fín. A kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà tí mo jókòó ti dùùrù, tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn mi, tí Arnold ń hanrun.

4. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà yín tún dé, tí ẹ ní kí Arnold fún yín ní orin tuntun tí ẹ ó fi ṣí àjọ̀dún ọdún yìí! Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo mi, kò lè wo ojú mi. A kì í fi ejò sórí òrùlé sùn ni mo fi kọ̀wé yìí.

5. Mo ti kọ orin tuntun náà. Kí ẹ tó rí i, mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣèlérí pé ẹ ó tẹ orúkọ Hilja Vaarik sí i, ẹ ó sì pe orúkọ náà lórí pèpéle kí ọmọbìnrin mi gbọ́. Èṣí ló bi mí bóyá bàbá òun ló kọ orin náà lóòótọ́.

6. Ní ti gbígbé, ẹ má dààmú ara yín. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin wa, tí wọ́n ń fa àwọ̀n ẹja láti inú òkun ní àràárọ̀, ní àwọn ló máa gbé mi jù sókè. Mo ti rán ṣòkòtò tí n ó wọ̀ sábẹ́ yẹ̀rì. Bí ojú bá sì ń ti Pásítọ̀, kó dijú.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, bí ẹ bá ṣe ẹ̀tọ́,
Hilja Vaarik
Ẹni tó kọ orin náà.