Wọ́n Ń Kó Bálùù Ráṣídì Lọ

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì

Ráṣídì ọmọ mi pè láàárọ̀. Wọ́n ń kó àwọn bálùù tó ń kẹ́rù sójà kúrò n'Ílọrin, wọ́n ń kó wọn lọ sí apá àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí mi ò mọ ẹnì kankan. Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe. Ó ní, "Màámi, ibi tí bálùù bá wà lèmi náà máa wà."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ká gbogbo ọ̀pẹ òyìnbó tó pọ́n lóko, mo gun ọ̀kadà, ó di Jóbèlé. Mo fẹ́ kí alága káńsù bá àwọn sójà sọ̀rọ̀.

Akọ̀wé kan ló dá mi lóhùn. "Ìyá, ẹ má bínú. Ọ̀nà oko àti ọjà la ń bójú tó níbí. Bálùù sójà kọjá agbára wa."

Mo ní, "Agbára ta ló wá ká a?"

Ó ní òun náà ò mọ̀. "Ẹ gbé ọ̀pẹ òyìnbó yín padà, Ìyá."

Mo ní èmi kì í gbé ẹ̀bùn padà sílé. Mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, mo jáde.

Orúnkún ń dùn mí. Páànù tuntun tí mo ní kí wọ́n fi bo yàrá Ráṣídì, kó lè máa wá sùn nílé...

Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá? Àwọn tó pàṣẹ ò mọ̀ pé mo wà láyé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ráṣídì ń bọ̀ ní Fìdítì níbí wá dágbére fún mi. Láti kékeré, ọ̀pẹ òyìnbó ló máa ń kọ́kọ́ béèrè tó bá wọlé. Mo padà sóko nírọ̀lẹ́. Èyí tó kù níbẹ̀ ò tíì pọ́n.