Sútánà Chidinma

Màámi,

Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ajégúnlẹ̀ dára, mò ń jẹun yó. Ọ̀gá mi fẹ́ràn mi débi pé orí bẹ́ẹ̀dì Chidinma, ọmọ rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ni mò ń sùn.

Sútánà ọmọ náà ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ní báyìí, ó bá mi mu régí. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ká etí rẹ̀ sókè.

Wòlíì wa ríran pé Chidinma ti padà wá. Kevwe tó ń tẹ dùrù kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Chidi, how heaven? Ṣé wọ́n ń se ráìsì níbẹ̀?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí ìjọ bá ń gbàdúrà fún mi, Chidinma ni wọ́n ń pè. Mo máa ń rọra sọ fún Jésù pé èmi Àwẹ̀ró ni o. Mi ò fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ Jésù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n pe Chidinma, mo sì ti dáhùn kí n tó rántí.

Mo wá fi òwú pupa rán Àwẹ̀ró sínú etí sútánà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnìkan ti tú u. Ọ̀gá mi ní, "Chidi, ta ló ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà. Tí ẹ bá pè mí lórí fóònù, oríkì mi ni kí ẹ fi pè mí. Tí mo bá pẹ́ kí n tó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́.

Ọmọ yín,
Àwẹ̀ró