Ìsinmi Tí Olúlékè Béèrè

Bàbá Ìmọ́lẹ̀olúwa,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, kòkó wa sì ti gbẹ.

Ẹ ò lè wá síbi ìsìnkú Olúlékè àbúrò yín, ọkọ mi, ẹ sì mọ̀ pé a sin fóònù rẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe fẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pè mí lánàá. Oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí a ti sin ín, ni wọ́n gbé áàpù tuntun dé sórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń sáìn wọlé síbi iṣẹ́ tí wọ́n sì fi ń gba ìsinmi. Àràárọ̀ ni fóònù Olúlékè ń sáìn wọlé. Ní báyìí, ó ti béèrè ìsinmi ọjọ́ márùn-ún láti Mọ́ńdè. Ìdí tó kọ ni: “Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wálé.”

Ọ̀gá náà wá bi mí pé: “Ìyàwó wa, kí ni ká ṣe sí i?”

Mo ní kí wọ́n fún un.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ márùn-ún náà tán kí ẹ tó dé.

Èmi ìyàwó yín,
Olúfúnmilọ́lá