Ohùn tó dáhùn lórúkọ Ẹ̀bùn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.



Látìgbà tí òkun ti gbé ilé àwọn Ẹ̀bùn, tí wọ́n sì kó lọ, èmi ni mò ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Igba ohùn ló wà lọ́fun mi! Bí iye wa bá dín, wọ́n á gbé Ànńtí Fúnmi lọ sílé ìwé mìíràn, òun nìkan sì ni tíṣà ìṣirò tá a ní. Ta ló máa wá kọ́ wa dé ìdánwò àṣejáde? Ànńtí náà mọ̀. Ó máa ń kọjú sí pátákó kó tó pe orúkọ.

Lónìí, ó pe Ẹ̀bùn. Kí n tó yanu, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí: "Mo wà ńbí, mà."

Mo gún Dàpọ̀ tó jókòó tì mí nígbọ̀nwọ́. "Ìwọ ni, àbí?"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀, elérú! Ṣebí ìwọ ni." Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti gbẹ.

Ànńtí ò wẹ̀yìn. Ó pe orúkọ mi. Ohùn yẹn tún dáhùn, ohùn tèmi gan-an. Èmi ò tíì la ẹnu.

Mo délé, mo bá ìyá mi tó ń di àwọ̀n sínú àpò.

"Omi ti dé ìdí òpó ilé wa," ó ní. "Lọ́la la ń lọ."