Ẹyin Iná Tó Gba Ihò Ògiri Kọjá

Abẹ́rẹ́ mi, ọmọ tó kéré lójú àmọ́ tí kì í ṣe mímì fádìẹ,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn, mo kí ọ kú ìjókòó sídìí ìwé. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún kò ní í sùn, kò ní í tòògbé, kò sì ní í gba ìsinmi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa nílé ń bẹ. Bàbá rẹ ń bẹ, ikọ́ rẹ̀ náà ń bẹ. Èmi pẹ̀lú ń bẹ, àfi orúnkún òsì tó ti sọ pé òun ò tún bá mi gun àtẹ̀gùn mọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Orí àpótí tí mo máa ń jókòó lé bí mo bá ń fi sítáàṣì sáṣọ ni mo ti kà á, mo kà á tán, mo tún un kà. O ní ìdí tí a ò fi gbúròó rẹ ni pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́, fún ọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, intẹ́líjẹ́ńsì, pé kó o lọ wá gbogbo ohun tí àwọn tó kọ̀wé láyé àtijọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà pè, kí ọ̀gá rẹ tó pinnu bóyá wọ́n máa gbà ọ́ síṣẹ́ gidi, àti pé ó ti dá iṣẹ́ náà padà fún ọ lẹ́ẹ̀kan. Mo yanu, mi ò lè pa á dé. Ọ̀rọ̀ kan! Bàbá rẹ ń fọ aṣọ odidi ilé ìwòsàn lójúmọ́ kan, ìwọ ń fọ ọ̀rọ̀ kan láti ìgbà òjò. Bàbá rẹ fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dọ̀tí gan-an ni.

Kí n tó sọ ohun tí lẹ́tà rẹ ṣe fún wa, jẹ́ kí n sọ ohun tí a ò jẹ́ kó o gbọ́. Bàbá rẹ àti bàbá rẹ kékeré, oníbúrẹ́dì, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. O mọ ihò tó wà lára ògiri tó pín ṣọ́ọ̀bù wa àti ilé búrẹ́dì níyà, èyí tó o ki orí bọ̀ nígbà tó o wà ní kékeré, tó jẹ́ pé ọṣẹ ni a fi yọ ọ́. Láti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti gba ilé yẹn, bí àbúrò bá ti yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́ ní ìdájí, á kan ògiri, á fi ṣọ́bìrì ti ẹyin iná gba inú ihò, ẹ̀gbọ́n á sì kó o sínú àwọn áyọ́ọ̀nù eléèédú. Kò sí ẹni tó ń bèèrè, kò sí ẹni tó ń dúpẹ́. Ìgbà tí ògiri bá ti dún ni ilẹ̀ mọ́ nílé wa.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́, atẹ́gùn ló yí padà, èéfín ilé búrẹ́dì bo gbogbo aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì tí a sá sórí okùn. Bàbá rẹ bọ́ síta, lójú àwọn oníbàárà, ó ní àbúrò òun ò lọ́gbọ́n lórí, ó ní ìyẹ̀fun pípò tó wà nínú páànù gbọ́n jù ú lọ, ìyẹn kúkú mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Àwọn tó dúró ra búrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ kékeré nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò burú, ẹni tí kò lọ́gbọ́n kò yẹ kó máa gbé nítòsí ọlọ́gbọ́n. Ó wọlé, kò sì kan ògiri mọ́. A wá di ẹni tó ń ra èédú. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó ti gba ṣọ́ọ̀bù sí apá kejì ìlú, a sì rí bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n ní kí òun wá dí ihò kan. Ẹ̀rù bà mí, Abẹ́rẹ́. Bí ihò yẹn bá dí, tí ọkùnrin yẹn bá kó lọ, mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò ní fojú kan ara wọn mọ́ títí ọ̀kan á fi sin èkejì.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ dé. Mo rí i pé o to ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ení, èjì, ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára páálí oògùn, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé ọmọ mi ti gbọ́ ìjà náà lẹ́nu ẹnì kan, ó wá kọ bí a ó ṣe lo oògùn rẹ̀ ránṣẹ́. Lóòótọ́, o kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kì í ṣe bí o ṣe tò wọ́n ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn láyé, pé nígbà mìíràn inú ìwé kan náà lo ti ń bá wọn pọ̀. Mo ka ìyẹn, mo mi orí. Àwọn tó ń fúnni lóògùn máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn má bàa rò pé iṣẹ́ wọn rọrùn. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò lọ́gbọ́n, pé kò ní intẹ́líjẹ́ńsì, mo pinnu pé n óò fún un ní intẹ́líjẹ́ńsì títí yóò fi yó.

O ní àwọn ará àtijọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ìròyìn, pé bí ọkọ̀ ojú omi bá dé èbúté, wọ́n á ní ó gbé intẹ́líjẹ́ńsì wá. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ lò. Mo so ìborùn mi, mo lọ ra búrẹ́dì, mo dúró síwájú tábìlì ìtajà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìròyìn sílẹ̀: pé ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì lọ, pé adìẹ wa yé ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ agbẹjọ́rò, pé agbẹjọ́rò ní òun á gbé adìẹ náà lọ sí kóòtù. O mọ̀ bí bàbá rẹ kékeré ṣe fẹ́ràn ẹ̀rín. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, àmọ́ ó gbé e mì. Ó ní kí n má fi ìròyìn ṣòfò lórí ẹni tí kò lọ́gbọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí mo délé, mo bá èènì nísàlẹ̀ àpò, búrẹ́dì kan tí èèpo rẹ̀ jó díẹ̀, irú èyí tí bàbá rẹ fẹ́ràn. Mo ní oògùn ti ń wọ ara.

Èkejì ló le. O ní ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ ìròyìn tí wọ́n ń jí wá láti àgọ́ ọ̀tá, iṣẹ́ amí. Èmi, arúgbó, amí! Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn mí ní ìdájí, mo fojú ti ihò ògiri, mo ṣe bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́. Ìyẹ̀fun wọ imú mi, mo gbé sísín mì títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ mo rí nǹkan, ọmọ mi. Bàbá rẹ kékeré yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́ tán, ó mú ṣọ́bìrì, ó bu ẹyin iná, ó gbé e wá sídìí ògiri, ó dúró. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni fẹ́ kàn án, ó tún gbọ́wọ́ sílẹ̀. Iná náà ń kú díẹ̀díẹ̀ lórí ṣọ́bìrì títí ó fi di eérú, ó sì dà á sílẹ̀. Eérú tí mo rí nílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Nígbà tí mo yíjú padà, bàbá rẹ ló jókòó sórí tábìlì tí a fi ń lọṣọ, ó ti wọ ṣòkòtò, ó ń tẹ́tí sí ògiri. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní bọ́tìnnì ni. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí débi pé mo bínú.

Ẹ̀kẹta ni mo rò pé kò ní ṣeé ṣe. O ní àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń fi ọ̀rọ̀ náà pe àwọn ẹ̀mí tí kò ní ara, tí wọ́n gbà pé wọ́n ń ti àwọn ìràwọ̀ yí po lójú ọ̀run. Níbo ni alágbàfọ̀ ti fẹ́ rí irú wọn? Mo lọ bi atúnfóònùṣe tó wà ní ìkángun títì wa bóyá ó mọ ibi tí intẹ́líjẹ́ńsì wà. Ó ní ṣebí ó wà nínú fóònù tó o fi ránṣẹ́ sí wa, pé gbogbo fóònù tuntun ló ní in báyìí. Háà! Nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ ni a ti ń gbé lé bébà lórí kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń nu ojú rẹ̀ láàárọ̀, mo ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtìràwọ̀. Nígbà kan ó dá mi lóhùn lédè òyìnbó, ohùn obìnrin ni, ó jọ pé ó ní ọ̀rọ̀ mi ò yé òun. Mo ní kò burú, ẹ sinmi ná, mo mọ̀ pé ọ̀run jìn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Kí ẹ̀mí náà lè mọ ẹni tí mò ń wí, mo wá àwòrán búrẹ́dì tí ìwọ fúnra rẹ fi sínú fóònù pé òun ló dúró fún bàbá rẹ kékeré, mo fìka tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo gbé fóònù náà sórí tábìlì. Ó kọ́kọ́ ń dún wúù, wúù, bí ẹni ń gun òkè. Nígbà tó dákẹ́, mo mọ̀ pé ó ti dé ibi tó ń lọ. Mo wá rò ó fún un. Mo ní kó bá mi sọ fún oníbúrẹ́dì pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í sùn mọ́, pé ó ń jí ní ìdájí, ó ń wọ ṣòkòtò, ó ń jókòó ti ògiri bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Ẹnu èyí ni mo wà tí bàbá rẹ fi wọlé, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀mí ni. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, àmọ́ ó jókòó ti áyọ́ọ̀nù tó ti tutù, ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀mí ni lóòótọ́, kí n sọ fún un pé òun gan-an ni kò lọ́gbọ́n. Ó ní ta ló ń sá aṣọ funfun sójú èéfín, tó tún wá ń bú èéfín. Ó ní nígbà tí ìyá àwọn kú, ẹ̀yìn òun ni àbúrò òun ti sun oorun ọjọ́ yẹn, òun ò sì mọ bí òun ṣe fẹ́ máa gbé ilé tí ògiri rẹ̀ ò ní í dún mọ́. Ó sunkún, Abẹ́rẹ́. Èmi náà sunkún. Fóònù yẹn dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́ wa, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń fọn imú nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀fìnkìn ń mú àwọn ẹ̀mí náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ògiri dún.

Bàbá rẹ fò dìde, ó wọ ṣòkòtò lódì, ó fẹsẹ̀ kọ garawa sítáàṣì. Ṣọ́bìrì yọ jáde nínú ihò, ẹyin iná kún orí rẹ̀, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Bàbá rẹ kó o sínú áyọ́ọ̀nù, ó wá kan ògiri padà, ohun tí kò ṣe rí. Mo rántí ìtumọ̀ kẹrin rẹ, pé àwọn ará àtijọ́ máa ń sọ pé intẹ́líjẹ́ńsì wà láàárín ẹni méjì bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí bíríkìlà dé, wọ́n ní kó máa kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Ó ní kò sóhun tóun ń kó lọ, ó wúwo. A fi ṣe ìjókòó fún àwọn oníbàárà. Bàbá rẹ ti ń gbé okùn aṣọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì sì ti tún ń jà lórí ibi tí wọ́n máa ri òpó mọ́, inú mi dùn sí ìjà náà débi pé èmi ni mò ń bu omi fún wọn mu.

Ó wá ku ìtumọ̀ karùn-ún, èyí tó o ní òun làwọn èèyàn mọ̀ jù lóde òní, làákàyè tó wà nínú orí èèyàn. Ìyẹn ò yé mi tó àwọn yòókù. Nínú gbogbo èyí tí mo lò, ó kéré tán ẹni méjì ló wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń rán àti ẹni tó ń gbà. Ta ló wá kó o ti mọ́ inú orí ẹnì kan? Bá mi bi ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé ìyá rẹ ti dán gbogbo ẹ̀ wò, ó jẹ́, kí wọ́n yára fún ọ níṣẹ́ gidi. Bó bá ń jiyàn, kó wá wo ihò náà, àmọ́ kó má ki orí bọ̀ ọ́ o.

Ní ti owó, ọmọ mi, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀mí inú fóònù ti jẹ gbogbo owó tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jíṣẹ́ yẹn, mi ò sì bá a wí, iṣẹ́ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà náà ní ká wá sanwó búlọ́ọ̀kù tí a jókòó lé. Ti báńkì ni kó o gbà, n óò lọ síbi ihò ògiri wọn. Mo fẹ́ràn ọ̀gbẹ́ni tó ń jókòó sínú ògiri yẹn, kì í yọjú, àmọ́ bó o bá ti na káàdì sí i, á ti owó síta. Ó jọ pé òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jà. Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un lọ́jọ́sí, ihò náà ò gbà á, mo bá gbé e lé ibi tí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà, ẹ̀ṣọ́ báńkì sì pariwo mọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lẹ́tà rẹ gùn, mo sì ti mọ ohun tí àwọn òyìnbó tó ti kú tipẹ́ ń pe intẹ́líjẹ́ńsì. Mi ò rí ibi tó o ti sọ bóyá ò ń jẹun. Mi ò rí bóyá yàrá rẹ ní fèrèsé, tàbí ẹni tí ò ń bá rẹ́rìn-ín, tàbí bóyá o sunkún nígbà tí ọ̀gá rẹ dá iṣẹ́ rẹ padà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó ṣe mí bíi pé ìwọ náà gbé ṣọ́bìrì dúró lẹ́yìn ògiri, o fẹ́ kàn án, ò ń dúró dìgbà tí iṣẹ́ gidi bá bọ́ sí i. Àdúrà wa ni pé yóò bọ́ sí i. Ohun tí ò ń wá á máa wá ọ bọ̀. Àwọn tó ga jù ọ́ lọ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ, wọ́n á sì gbọ́. O ò ní í ṣiṣẹ́ fún eérú. Àmọ́ má dúró dìgbà náà, ọmọ mi. Kan ògiri. A ti jí, a ti wọṣọ, a ń tẹ́tí.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fi sítáàṣì lẹ lẹ́tà yìí pa.