Gbólóhùn Kan Ṣoṣo Tí Jayé Dá Ṣe

Ojúlé 9, Òpópónà Adédiwúrà,
Ìkòsì, Kétu,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi Tàwàkálítù,

Ẹ kú òjò o, gbogbo ará ilé. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè rìn dé ọjà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, ara le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ ni mo sì rí sọ fún. Má bínú.

Ṣé o rántí pé mo ń kọ́ ọmọ kan ní Yorùbá nínú ẹ́sítéètì tó wà lẹ́yìn ilé wa? Jayé lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje ni. Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ kó lè máa bá ìyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí Ìyá Àgbà ti Òkèhò wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo máa ń kọ sílẹ̀ kí ọmọ fi ṣe gbólóhùn. Tàwà, oṣù kan gbáko, "Bàbá ń lọ sí oko" inú ìwé ló ń kà fún mi. Bẹ́ẹ̀, báńkì ní Anthony ni bàbá rẹ̀ ń lọ láràárọ̀!

Lọ́jọ́ tí mo kọ "bù" sílẹ̀, Ìyá Àgbà gbóhùn sókè láti orí àga wọn: "Jayé, ọkọ mi, lọ bu omi wá kí n mu." Ọmọ dìde, ó bu omi wá! Díẹ̀ ló kù kí n jó. Láti ọjọ́ náà, Ìyá ló ń sọ gbólóhùn, èmi kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló kúkú wà.

Àfìgbà tí Mummy Jayé ti ibi iṣẹ́ dé tó gbọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Yorùbá inú ìwé la fẹ́ kó sọ, kì í ṣe accent Òkèhò. Ẹ jẹ́ kí tíṣà ṣiṣẹ́ wọn." Ìyá dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò sì jókòó tì wá mọ́. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹnu mi ni mò ń rò, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Lánàá, mo kọ "dákẹ́" sílẹ̀ láìro nǹkan kan. Jayé ò tilẹ̀ wo ìwé. Ó kọ ọ́ pé, "Mummy ní kí Grandma dákẹ́. Grandma sì dákẹ́." Tàwà, gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn máa dá ṣe nìyẹn! Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. "Aunty, ẹ ní kó kọ òmíràn. Èyí ò dáa."

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á rẹ́. Ni Jayé bá bi mí pé, "Aunty, ọ̀rọ̀ wo ni kò dáa níbẹ̀?" Yorùbá ló sì fi bi mí o. Mo kàn ní kó ṣí ojú ìwé tuntun. Olùkọ́ ni wọ́n sì ń pè mí!

Ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Àgbà ń padà sí Òkèhò. Wọ́n ní Èkó ò bá àwọn lára mu mọ́. Ọ̀la, Ọjọ́rú, ni mo tún ní iṣẹ́ níbẹ̀. N óò sọ fún Jayé níṣojú ìyá rẹ̀ pé gbólóhùn rẹ̀ tọ̀nà, èmi ni mo ṣàṣìṣe tí mo pa á rẹ́. N óò sì lọ pe Ìyá Àgbà jáde wá bá wa jókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù tí ọmọ yẹn àti ìyá àgbà rẹ̀ fi lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
Adéníkẹ́.